Ahọ́n Tó Yọ̀ Nínú Gẹ̀ẹ́sì: Ìdáhùn fún Ìyá Ìbejì

“Ẹ káàsán o, Bàbá Olùkọ́. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Manchester, alẹ́ ni wọ́n sábà máa ń fún mi. Mo fẹ́ sọ fún ẹnì kan pé mọ́tò rẹ̀ wà ní ‘car park’, ‘par cark’ ló já bọ́ lẹ́nu mi. Títí di òní, wọn ò jẹ́ kí n gbádùn. Ọ̀kan nínú wọn sì máa ń pe ọ̀gá wa ní ‘shining wit’. Bó bá ti sọ ọ́, gbogbo wọn á bú sẹ́rìn-ín, èmi nìkan ni mo máa ń dúró tí mo ń wò wọ́n. Ṣé torí pé Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè abínibí mi ni ahọ́n mi ṣe ń yọ̀? Wọ́n sì tún ní kí Táíwò mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, máa pààrọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ èèyàn níléèwé. Kẹ́hìndé ń ṣe é kíákíá, ó ń ni Táíwò lára. Kí ni wọ́n ń fi ìyẹn kọ́ ọmọ?”

Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ òru, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Rárá ni ìdáhùn ìbéèrè yín nípa ahọ́n, mi ò sì sọ ọ́ láti fi pọ́n yín lé. Kí ‘p’ tó lè sáré wá gba ipò ‘c’, ‘park’ gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀ nínú ọpọlọ yín, kó ti múra tán, nígbà tí ẹnu yín ṣì ń mú ‘car’ jáde lọ́wọ́. Ẹni tó ṣì ń wá Gẹ̀ẹ́sì lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń ronú kó tó sọ ‘car’, tó tún ń ronú kó tó sọ ‘park’, kò ní ohun tí yóò pààrọ̀. Ẹni tí èdè ti wọ̀ lára ni irú èyí ń ṣe.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní BBC. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kejìlá ọdún 2010, James Naughtie, ọmọ Scotland tó ti pẹ́ nídìí ètò òwúrọ̀ wọn lórí rédíò, fẹ́ sọ fún àwọn olùgbọ́ pé Jeremy Hunt ń bọ̀ wá sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìròyìn aago mẹ́jọ. Hunt ni mínísítà àṣà nígbà náà, ‘Culture Secretary’. ‘C’ tó wà níwájú ‘Culture’ kò dúró de àsìkò rẹ̀. Ó fò síwájú, ó lé ‘H’ kúrò lórí ‘Hunt’, ó sì jókòó síbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé láàárín wọn mọ ohun tí orúkọ ọkùnrin náà dà: ọ̀rọ̀ abẹ́ obìnrin, èyí tó burú jù nínú èébú wọn. Naughtie wúkọ́ títí, ó ń gbé ẹ̀rín mì, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ka àkọlé ìròyìn tó kù. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn kan náà, Andrew Marr, oníròyìn mìíràn ní BBC, àti àwọn àlejò rẹ̀ jókòó lórí ètò mìíràn ní rédíò kan náà, wọ́n ń jíròrò bóyá irú àṣìsọ bẹ́ẹ̀ ní ìtumọ̀ abẹ́nú. Ibi tí Marr ti ń ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ ni òun náà ti sọ ohun kan náà gẹ́lẹ́. Àwọn méjèèjì jẹ́ ọmọ onílẹ̀, ọ̀rọ̀ sísọ sì ni oúnjẹ òòjọ́ wọn. Ta ló tún kù tí yóò fi ‘par cark’ yẹ̀yẹ́ yín?

Orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì ń pe irú pàṣípààrọ̀ yìí ni ‘spoonerism’, lára orúkọ William Archibald Spooner. Wọ́n bí i ní ọdún 1844, ó sì kú ní 1930. Àlùfáà Ìjọ Áńgílíkà ni, àfín ni, ojú rẹ̀ kò sì ríran dáadáa. Ó wọ New College ní Oxford gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ ní 1862, ó sì fi ibẹ̀ ṣelé: ó di olùkọ́, ó di ‘dean’, ìyẹn ẹni tó ń bójú tó ìwà àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó wá ṣe olórí kọ́lẹ́ẹ̀jì náà láti 1903 sí 1924. Ẹni jẹ́jẹ́ ni, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ orúkọ tí wọ́n fi ahọ́n rẹ̀ sọ ọ́ yìí kò dùn mọ́ ọn nínú.

Gbogbo ènìyàn ló mọ ìtàn tí wọ́n máa ń sọ nípa rẹ̀. Wọ́n ní ó ń bá akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀lẹ kan wí. Ó fẹ́ sọ fún un pé o ti pa gbogbo ẹ̀kọ́ ìtàn mi jẹ, ‘you have missed my history lectures’, ni ó bá ní ‘you have hissed my mystery lectures’, ìyẹn ni pé o ti ṣe ṣíọ̀ sí ẹ̀kọ́ awo mi. Ó fẹ́ sọ pé o ti fi gbogbo sáà yìí ṣòfò, ‘wasted the whole term’, ó ní ‘tasted the whole worm’, o ti tọ́ odidi ekòló wò. Ó wá ní kó bá gọ́tà ìlú, ‘town drain’, kúrò ní Oxford, dípò ọkọ̀ ojú irin, ‘down train’. Wọ́n tún ní ó gbé ife sókè láti kí Ọbabìnrin Victoria, ‘our dear old queen’, ọbabìnrin wa àtàtà, ó sì di ‘our queer old dean’, ‘dean’ wa àgbà tí ìṣe rẹ̀ ṣàjèjì. Ẹ rántí pé òun fúnra rẹ̀ ti ṣe ‘dean’ rí. Ìyẹn ló jẹ́ kí àwàdà náà dùn tó bẹ́ẹ̀.

Ó dùn, ṣùgbọ́n irọ́ ni. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Oxford ló ń jókòó hun wọ́n, tí wọ́n ń dù ú mọ́ ara wọn lọ́wọ́ ta ni tirẹ̀ yóò dùn jù. Ibi tí ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí ti ń rí irọ́ náà nìyí: ó ti dán jù. Gbogbo pàṣípààrọ̀ inú rẹ̀ ló bí ọ̀rọ̀ tó ní ìtumọ̀, ìkan kò fọ́. Ahọ́n tó yọ̀ lóòótọ́ kì í rí ojú rere bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin tẹ̀ léra. ‘Par cark’ ló sábà máa ń bí, ohun tí kò ní ìtumọ̀ létí ẹni tó bá gbọ́ ọ. Ẹ wá fi èyí tí Spooner fẹnu ara rẹ̀ gbà pé òun sọ wé e. Orin ìsìn kan ni ó fẹ́ pè, ‘Conquering Kings Their Titles Take’, ó ní ‘Kinkering Congs’. Nǹkan bí ọdún 1879 ni wọ́n fi í sí. Ẹ wò ó dáadáa: kọ́ńsónáǹtì ìbẹ̀rẹ̀ kò kúrò lójú kan, nítorí ìró ‘k’ kan náà ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ méjèèjì. Fáwẹ̀lì ló pààrọ̀ àyè. ‘Kinkering’ kò ní ìtumọ̀, ‘Congs’ kò ní ìtumọ̀, kò sì sí akẹ́kọ̀ọ́ tó máa jókòó hun èyí láti fi pa ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́rìn-ín. Èmi gbà á gbọ́ nítorí pé kò dán.

Wọ́n tún sọ ọ̀kan nípa rẹ̀ tí mo fẹ́ràn ju ti ekòló lọ. Wọ́n ní ó wàásù tán, ó sọ̀ kalẹ̀, ó tún padà gun orí àga ìwàásù, ó ní: gbogbo ibi tí mo ti dárúkọ Aristotle, Pọ́ọ̀lù Mímọ́ ni mo ní lọ́kàn. Ìyẹn kì í ṣe pàṣípààrọ̀ ìró rárá. Odidi ènìyàn ni ó fi rọ́pò ènìyàn.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní àṣà yìí, kí wọ́n hun àwàdà tán kí wọ́n wá ẹni ńlá tí wọn yóò gbé e kọ́ lọ́rùn. Nígbà tí Ọ̀gágun Napier ṣẹ́gun Sindh ní 1843, agbègbè tó wà ní Pakistan lónìí, wọ́n ní ọ̀rọ̀ Látìnì kan ṣoṣo ló fi ránṣẹ́ sílé: ‘peccavi’. Ìtumọ̀ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì ni ‘I have sinned’, mo ti dẹ́ṣẹ̀, tó dún gẹ́gẹ́ bí ‘I have Sindh’, Sindh ti di tèmi. Ọ̀gágun náà kò kọ ohun tó jọ ọ́. Ọmọbìnrin kan tí kò tíì pé ogún ọdún, Catherine Winkworth, ló ronú kàn án. Ìwé ìròyìn aláwàdà kan ní London sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1844. Ìfọ̀rọ̀dárà gidi nìyẹn. Ẹni tó ṣe é mọ ohun tó ń ṣe.

Mo ní kí n padà sórí àṣìsọ fúnra rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ní 1895, onímọ̀ èdè kan ní Vienna, olú ìlú Austria, tó ń jẹ́ Rudolf Meringer àti dókítà ọpọlọ kan, Carl Mayer, tẹ ìwé jáde lórí àṣìsọ tí wọ́n ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó yí wọn ká. Ohun tí wọ́n rí ya ènìyàn lẹ́nu: àṣìsọ ní òfin. Victoria Fromkin, olùkọ́ ní UCLA, yunifásítì kan ní California, tún fi ọ̀pọ̀ àṣìsọ Gẹ̀ẹ́sì kín èyí lẹ́yìn ní 1971. Ìbẹ̀rẹ̀ sílébù máa ń bá ìbẹ̀rẹ̀ sílébù ṣe pàṣípààrọ̀, ìparí máa ń bá ìparí. ‘Par cark’ ni ẹ sọ, ẹ ò sọ ‘car karp’ tàbí ohun mìíràn tí ìbẹ̀rẹ̀ ti bá ìdí dù. Ohun tó bá sì jáde gbọ́dọ̀ ṣeé pè lẹ́nu Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀kan wà nínú àkójọ Fromkin tí mi ò lè gbàgbé: ẹnì kan fẹ́ sọ ‘a current argument’, ó ní ‘an arrent curgument’. ‘C’ fò kúrò lórí ọ̀rọ̀ kìíní lọ sórí ìkejì. Ọ̀rọ̀ kìíní wá ń fi fáwẹ̀lì bẹ̀rẹ̀, ‘a’ sì yí padà di ‘an’ fúnra rẹ̀, láìsí ẹni tó pè é! Ẹnu ṣìnà, gírámà kò ṣìnà. Ẹni tí gírámà Gẹ̀ẹ́sì kò tíì wọ̀ lára kò lè ṣe irú àṣìṣe tó mọ́ tó báyìí.

Kì í ṣe gbogbo àṣìsọ ni ìró méjì ti ń pààrọ̀ àyè. Òmíràn á kàn sáré wá ṣáájú, bíi ti Naughtie, tàbí kí ‘reading list’ di ‘leading list’. Òmíràn á kọ̀ láti lọ lẹ́yìn tí àsìkò rẹ̀ ti kọjá, kí ‘beef noodle’ di ‘beef needle’. Àárẹ̀ àti ìkánjú máa ń mú wọn pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ náà ni ìró tó jọra tó bá wà nítòsí ara wọn. Nínú Yorùbá tí a bí wa sí, ẹ sọ èyí lẹ́ẹ̀mẹta láìmí: ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀pọ̀lọ́ ni kò mọ̀ pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ èèyàn ló lọ́pọlọ lọ́pọ̀lọpọ̀.

Ní 1975, àwọn olùṣèwádìí mẹ́ta, Baars, Motley àti MacKay, wá ọ̀nà láti mú kí àṣìsọ ṣẹlẹ̀ lójú wọn. Wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ méjì méjì han àwọn ènìyàn kíákíá kí wọ́n kà á sínú, àfi èyí tí wọ́n bá ní kí wọ́n kà síta. Bí èyí tí wọ́n kà sínú bá ti ń fi ‘d’ ṣáájú ‘b’ léraléra, tí ‘barn door’ wá yọ lójijì, ẹnu àwọn kan á sọ ‘darn bore’. Ṣùgbọ́n nígbà tó jẹ́ ‘dart board’, tí pàṣípààrọ̀ rẹ̀ yóò bí ‘bart doard’ tí kò ní ìtumọ̀, àṣìsọ náà dínkù. Ó túmọ̀ sí pé ẹ̀ṣọ́ kan wà lẹ́nubodè, tó ń yẹ ẹrù wò kó tó jáde: ohun tó bá jọ ọ̀rọ̀ gidi á kọjá níwájú rẹ̀, èyí tí kò bá jọ ọ́ ni yóò dá dúró. Ọ̀pọ̀ ṣì ń bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ ṣá o, ‘par cark’ jẹ́ ẹ̀rí.

Ní 1982, Motley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ síwájú sí i. Wọ́n wá ọ̀rọ̀ méjì méjì tó jẹ́ pé bí ìbẹ̀rẹ̀ wọn bá pààrọ̀, yóò di ọ̀rọ̀ ìṣekúṣe, wọ́n sì fi ẹ̀rọ wọn ìlàágùn àwọn tó ń kà á. Ìwọ̀nba ni ọ̀rọ̀ ìṣekúṣe tó jáde lẹ́nu wọn. Ṣùgbọ́n àwọn tó tilẹ̀ kà á bó ṣe yẹ, ara wọn ń làágùn. Ọ̀rọ̀ burúkú náà ti dìde nínú wọn, wọ́n ti gbá a mú kó tó débi ẹnu. Bí ó bá ti ń ṣe yín bí ẹni pé ọ̀rọ̀ burúkú kan fẹ́ bọ́ lẹ́nu yín ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ má fòyà. Ẹ̀ṣọ́ wà lẹ́nu iṣẹ́ ni.

Ó ku ‘shining wit’. Èyí kì í ṣe àṣìsọ o, àmọ̀ọ́mọ̀ ni. Bí a bá gbọ́ ọ báyìí, ó jọ pé ọmọkùnrin náà ń yin ọ̀gá yín ní ọlọ́pọlọ pípé tó ń dán. Ẹ wá mú ‘sh’ lọ síwájú ‘wit’, kí ẹ mú ‘w’ wá síwájú ‘shining’. Ọ̀rọ̀ kìíní á di ‘whining’, ẹni tó ń ráhùn ṣáá. Ọ̀rọ̀ kejì á di ìgbẹ́. Ìgbẹ́ tó ń ráhùn ni ó ń pe ọ̀gá. Bí ọ̀gá bá sì bi í, yóò ní ìyìn lòun ń yìn ín. Àwàdà yìí ti gbó ní England, ọ̀gá yín fúnra rẹ̀ lè ti mọ̀ ọ́n látìgbà tó wà nílé ìwé. Nítorí náà, ẹ má bá wọn sọ ọ́. Àwọn tí kò ní èébú nínú náà wà tí ẹ lè fi dá wọn lóhùn. ‘Half-formed wish’, ìfẹ́ ọkàn tí kò tíì dúró dáadáa, di ‘half-warmed fish’, ẹja tí kò gbóná dénú. ‘Well-oiled bicycle’, kẹ̀kẹ́ tí wọ́n pa epo sí dáadáa, di ‘well-boiled icicle’, òpó yìnyín tí wọ́n bọ̀ jinná.

Àwọn kan á gbé tiyín pọ̀ mọ́ ohun tó ń jẹ́ ‘malapropism’. Kò sí nínú rẹ̀. Mrs Malaprop jẹ́ ìyá àgbà kan nínú eré tí Richard Brinsley Sheridan gbé jáde ní Covent Garden, London, ní 1775. Ó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ńláńlá, kò sì mọ ìtumọ̀ wọn. Ó ní ọmọ ẹ̀gbọ́n òun lágídí bí ‘allegory’ etí odò Náílì, ‘alligator’ ló fẹ́ sọ. Ẹ wá wò ó: ‘allegory’ jẹ́ irú ìtàn kan, ‘alligator’ sì jẹ́ ẹranko tó jọ ọ̀nì, Amẹ́ríkà àti Ṣáínà ló wà, ọ̀nì gan-an ló wà ní Náílì. Bí ó bá tilẹ̀ rí ọ̀rọ̀ tó ń wá mú, ì bá ṣì wà nínú àṣìṣe. Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí yín ni pé bí ẹ bá ní kó tún un sọ, ohun kan náà ni yóò sọ. Ẹ̀yin mọ̀ pé ‘car park’ ni, kódà kí ẹ tó pa ẹnu dé.

Nípa Sigmund Freud, dókítà ọmọ Austria tó sọ ní 1901 pé àṣìsọ ń tú àṣírí ọkàn, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ó fa ọ̀rọ̀ ààrẹ ilé aṣòfin Austria kan yọ, tó dìde láti ṣí ìjókòó, tó sì kéde pé òun ti pa á dé. Bóyá ó ti rẹ ọkùnrin náà lóòótọ́. Àmọ́ àṣírí wo ló wà nínú ‘par cark’? Ti Meringer ni mò ń ṣe.

Ohun kan wà tí èdè abínibí wa ń fà lóòótọ́, ó sì yàtọ̀ sí ahọ́n tó yọ̀. Ìró ‘i’ ti Yorùbá kan ṣoṣo ni, Gẹ̀ẹ́sì sì ní méjì, gígùn àti kúkúrú. Níbi iṣẹ́ tiyín, tó jẹ́ pé aṣọ ibùsùn lẹ ń pààrọ̀ tilẹ̀ fi ń mọ́, ‘sheet’ tí ẹ kò bá fa ìró rẹ̀ gùn yóò dún bí ìgbẹ́ tí ‘shining wit’ fi pamọ́. Ẹ fà á gùn, kí ẹ sì la ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín. Tí ẹ kò bá fẹ́ wàhálà, ẹ pè é ní ‘bedding’. Bí ẹ bá tún jẹ́ ọmọ Ìbàdàn, tí ‘ṣ’ ń di ‘s’ lẹ́nu yín, ‘seat’ ni ‘sheet’ yín yóò dà, aláìsàn á sì máa wá ibi tí yóò jókòó sí.

Ti Táíwò wá kù. Kì í ṣe eré lásán ni wọ́n ń fi ọmọ ṣe. Wọ́n ń lo pàṣípààrọ̀ yìí láti mọ̀ bóyá ọmọ ń gbọ́ ìró tó wà nínú ọ̀rọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, torí pé ibẹ̀ ni kíkà Gẹ̀ẹ́sì ti ń bẹ̀rẹ̀. ‘King John’ á di ‘Jing Kon’. Èyí tó le díẹ̀ ni irú ‘Phil Collins’. Ọmọ tó ń tẹ̀lé lẹ́tà á máa dù ú láti gbé ‘P’ lọ síwájú. Ọmọ tó ń tẹ̀lé ìró á ní ‘Kil Follins’, nítorí ‘f’ ni ‘Ph’ ń dún, ‘k’ ni ‘C’ ń dún. Ó máa ń nira fún àwọn ọmọ tó ní ‘dyslexia’, ìyẹn àwọn tí ìwé kíkà ń le fún bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọpọlọ wọn pé. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọmọ tó bá nira fún ló ní in. Ẹ má tìtorí èyí sọ Táíwò lórúkọ, ẹ má sì fi Kẹ́hìndé ṣe òṣùwọ̀n rẹ̀.

Ẹ fi ẹ̀nà bá wọn ṣeré nílé, irú èyí tí à ń sọ lọ́mọdé tí àwọn àgbà kò fi ní gbọ́ wa: ‘mo fẹ́ lọ’ á di ‘mogo fẹ́gẹ́ lọgọ’. Ìró àti ohùn sílébù kọ̀ọ̀kan ni ọmọ ní láti gbọ́ kó tó lè ṣe é. Bí ó bá mọ́ ọn lára, ẹ wá bọ́ sórí orúkọ Gẹ̀ẹ́sì. Tó bá ṣì ń le fún Táíwò, tí ìwé kíkà náà sì ń falẹ̀, ẹ lọ sílé ìwé kí ẹ ní ẹ fẹ́ rí SENCO. Olùkọ́ tó ń bójú tó àwọn ọmọ tí ẹ̀kọ́ nira fún nìyẹn, gbogbo ilé ìwé ìjọba ní England ló sì gbọ́dọ̀ ní ọ̀kan. Ẹ mú ìwé tí Táíwò ti kọ nǹkan sí dání lọ.